Gbígbé Ni àbí Lílọ?

Mo rántí ìgbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún mi, tí wọ́n ń kì mí bí wọ́n ṣe ń ki òkú, tí mo sì wà lórí ìdúró, tí mò ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sán ni, ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí. Ohùn obìnrin kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń ké, ó ń ki ìdílé kan. Mo kọ́kọ́ káàánú ẹni tó kú náà. Mo tilẹ̀ bi nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ta ló kú. Ó ní kò sẹ́ni tó kú ní wọ́ọ̀dù àwọn láti àárọ̀. Mo tún fetí sílẹ̀, mo wá rí i pé oríkì náà jọ tiwa. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti máa ń dárúkọ bàbá tó bí bàbá mi, ó yé mi pé èmi gan-an ni òkú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Tíṣà ni mí, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà. Nǹkan kan wú sí mi ní abẹ́ ikùn, níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Bí mo bá wúkọ́, tàbí tí mo bá pariwo mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì, á tún yọ síta. Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ títí tí àwọn ọmọ kíláàsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín mi jẹ, tí wọ́n ń fi ọwọ́ di abẹ́ ikùn wọn mú kí wọ́n tó pariwo. Ìgbà náà ni mo lọ rí dókítà. Ó ní ìpá ni, kì í sì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ó ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ lọ́nà mìíràn, pé ẹni tí àwọn bá ṣe é fún láàárọ̀, ilé rẹ̀ ni yóò sùn lálẹ́. Àwọn kì í jẹ́ kó dùbúlẹ̀ pẹ́. Àwọn á tètè fún un lóúnjẹ, àwọn á tètè ní kó dìde kó rìn, nítorí ara tí kò bá sùn sílẹ̀ jù ló ń tètè san. Ó ní bẹ́ẹ̀dì kì í wo àìsàn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, mo sì lọ ń sọ ọ́ káàkiri yàrá àwọn tíṣà bí ẹni pé èmi ni mo rò ó.

Kì í ṣe tèmi nìkan ló mú inú mi dùn. Bàbá mi ní ìpá, tirẹ̀ sì ti pẹ́. Láti kékeré ni mo ti mọ ọ̀já tó máa ń fi di abẹ́ ikùn rẹ̀ kó tó lọ kọ ebè ní oko rẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ. Ó ti tóbi débi pé ṣòkòtò kò bò ó mọ́, dàńṣíkí gígùn ló fi ń bo àṣírí. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé irú ìpá bẹ́ẹ̀ lè há lọ́jọ́ kan. Bí ìfun bá há sínú rẹ̀, yóò le gbandi, kò ní wọlé mọ́, ẹni náà á máa làágùn, á máa bì, bí wọn kò bá sì tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ikú ni. Gbogbo èyí ni mo sọ fún bàbá mi. Ó ní òun gbọ́. Ó tún ní òun kò lọ.

Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ń bà á lẹ́rù, gbólóhùn kan ni. Ìgbà tí mo wà ní kékeré, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ kan wọ́n pe bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ máa gbé e lọ sílé." Nílẹ̀ wa, ọmọdé tó ti gbọ́n mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ilé ìwòsàn kì í sọ pé agbára àwọn ti pin, wọn kì í sì í sọ pé aláìsàn ò ní yè é. Wọ́n á ní ẹ máa gbé e lọ sílé, kó lè rí ojú àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n gbé bàbá kékeré náà lóòótọ́, ọ̀nà ló kú sí. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ka ilé ìwòsàn sí ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ tí wọ́n á sì gbé e jáde.

"Tíṣà," ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́, "ìwọ lọ ṣe tìrẹ ná. Bí o bá fẹsẹ̀ rẹ wọlé láàárọ̀, tí o fẹsẹ̀ rẹ jáde nírọ̀lẹ́, èmi náà á wá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má pè mí sí ọ̀rọ̀ yìí mọ́."

Mo gbà. Mo ti rí ìṣẹ́gun níwájú. Ìwé tí mo kà ṣì ń gùn mí nígbà náà, mo gbà pé bí wọ́n bá ti ṣàlàyé nǹkan fún èèyàn dáadáa, ó ti parí nìyẹn. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí, àmọ́ ohùn tèmi nìkan ni mò ń ṣọ́.

Ìyàwó mi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò ráyè títí ilé ìwé fi máa jáde. Nítorí náà àbúrò bàbá mi obìnrin ló tẹ̀ lé mi. Ṣakí ló ń gbé, òrí ló ń tà, gbogbo ilé wa ní Àgọ́-Àrẹ sì ń pè é ní Ìyá Ṣakí. Ìyá yìí fẹ́ràn mi, mi ò lè sọ pé kò fẹ́ràn mi. Ìfẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ pa mí. Bí a ṣe wọlé ló ti bá nọ́ọ̀sì jà pé kí ló dé tí wọn kò fún mi lóúnjẹ láti àná. Nígbà tí wọ́n ń mú mi wọlé lọ síbi iṣẹ́ abẹ, mo ń fẹsẹ̀ mi rìn, ó di aṣọ mi mú, ó ní kí wọ́n gbé mi. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi kò ṣe nǹkan kan. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì òde òní ti ya ọ̀lẹ jù.

Iṣẹ́ abẹ náà kò ní ìtàn. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn, láti ìdí mi títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ di ti ẹlòmíràn, mo ń gbọ́ tí dókítà ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa iṣu tó wọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní ó ti tán. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà di tèmi, nọ́ọ̀sì fún mi ní ẹ̀kọ mímu, mo mu ún, mo ní kó bu sí i. Ó ní ohun tó kù ni kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n padà, kí n sì tọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo rẹ̀, ilé yá.

Rírìn kò ṣòro. Títọ̀ ni iṣẹ́. Ìyá Ṣakí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹnu sí ojú fèrèsé ilé ìtọ̀, ó ń gbàdúrà pé kí Olúwa sílẹ̀kùn fún mi. Kí ni èèyàn fẹ́ rí tọ̀ níbi tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti ń ṣe àmín? Nọ́ọ̀sì ṣí omi ẹ̀rọ fún mi kí ìró rẹ̀ lè ràn mí lọ́wọ́. Ìyá Ṣakí gbọ́ ìró omi náà, ó ní, "A dúpẹ́ o, ó ti ń dà á." Mo ní, "Ìyá, ẹ̀rọ nìyẹn." Ó ní kí n má ṣe àìgbàgbọ́. Nígbẹ̀yìn nọ́ọ̀sì ní láti fi ọgbọ́n rán an lọ ra omi níta, kí n tó rí ohun tí mò ń wá.

Inú mi dùn bí mo ṣe jáde. Mo ń ronú bí màá ṣe pe bàbá mi, tí màá ní, "Bàbá, mo ti ń lọ sílé, ẹ máa palẹ̀ mọ́." Mo ní kí wọ́n bá mi wá bàtà mi. Nọ́ọ̀sì jáde lọ bá Ìyá Ṣakí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aláìsàn kan ń sùn nítòsí, ni nọ́ọ̀sì bá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó sì ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ní ẹlòmíràn tó ń dúró de bẹ́ẹ̀dì, kò ráyè wá ọ̀rọ̀. Ó fa Ìyá Ṣakí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá, ẹ lè máa gbé wọn lọ sílé."

Ọmọ ilẹ̀ wa ni nọ́ọ̀sì náà. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn títí dòní. Ká ní àlejò ni, ǹ bá ní kò gbọ́ èdè.

Ìyá Ṣakí kò bi í ní ìbéèrè kankan. Kí ló tún fẹ́ bi í? Àbúrò rẹ̀ ni ẹni tó kú sọ́nà yẹn. Ó tú gèlè, ó dì í mọ́ ìdí, ó yọ fóònù, ó pe bàbá mi, ó ní, "Wọ́n ní ká máa gbé Tíṣà lọ sílé o," ẹkún sì gba ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdílé wa, tí èmi tí mò ń wá bàtà fi ń bi nọ́ọ̀sì pé ta ló kú.

Mo jáde sí i. Mo ní, "Ìyá, èmi rèé." Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó tún bú sẹ́kún. Nílé wa wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti fẹ́ lọ, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ yá, á tọrọ oúnjẹ, á kí gbogbo èèyàn. Nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún un, láti fi í lọ́kàn balẹ̀, pé mo mu ẹ̀kọ tán mo tún ní kí wọ́n bu sí i. Nítorí náà bí mo ṣe ń rìn sí i ni ikú mi ń dájú sí i. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé, dókítà wá ṣàlàyé, ó ń mi orí, ó ń ní, "Mo gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti gbìyànjú." Bí a bá ń sunkún a máa ń ríran, wọ́n ní, àmọ́ ìyá yìí kò ríran rárá.

Mo pe bàbá mi. Obìnrin inú fóònù ní kò sí lórí afẹ́fẹ́. Mo tún pè é. Mo tún pè é títí tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí obìnrin inú fóònù náà. Mi ò mọ̀ pé ọ̀kadà ni bàbá mi ti gùn, pé ó ti wà lórí ọ̀nà tó kún fún kòtò, pẹ̀lú ìpá rẹ̀, tó ń bọ̀ wá wo ojú mi kí n tó lọ.

Ìyàwó mi wá mú mi, a délé. Mo rò pé wàhálà ti tán. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ìyá Ṣakí ti fi fóònù kéde mi kí a tó dé, yàrá wa sì ti kún. Nọ́ọ̀sì ti ní kí n má dùbúlẹ̀ jù, kí n máa dìde rìn láti ìgbà dé ìgbà. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ọwọ́ bíi mẹ́fà ni yóò dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ojú ọgbẹ́ á ṣí. Wọ́n ní ìfun á dà sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi lóúnjẹ, wọ́n wo ara wọn lójú. Alàgbà kan láti ìjọ wa wá gbàdúrà, mo sì fi àmín tẹ̀ lé e dáadáa títí tó fi dé ibi tó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣe ọkọ opó àti bàbá àwọn ọmọ. Ìyàwó mi la ojú, ó wò mí. Igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa náà wá. Ó kí mi, ó mí kanlẹ̀, ó wá yíjú sí ìyàwó mi, ó rọra béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé wà.

Mo ní, "Sà, ó wà lápò mi. Ní ọjọ́ Ajé, èmi náà ni màá fi ṣí i."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má da ara yín láàmú." Ìyàwó mi ló ṣì ń wò.

Ó sú mi. Ẹni tí wọn kò bá tíì fi ìwà pẹ̀lẹ́ sin láàyè rí, kò lè mọ̀ ọ́n. O kò lè bínú, nítorí bí o bá bínú wọ́n á ní ìrora ni. O kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ìdágbére ni. Mo dákẹ́, wọ́n ní ó ti ń lọ. Mo sì mọ̀ nínú ara mi pé kì í ṣe èmi ni ọ̀rọ̀ náà ń bà jẹ́. Bí ìròyìn yìí bá dé Àgọ́-Àrẹ bó ṣe rí, bàbá mi kò tún ní wo ọ̀nà ilé ìwòsàn láé.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a gbọ́ ìró ọ̀kadà níta. Bàbá mi wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lábẹ́ dàńṣíkí. Gbogbo wọn yà fún un, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹkún lákọ̀tun. Mo dìde, kò sì sẹ́ni tó rí mi dá dúró lọ́tẹ̀ yìí. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀, ojú abẹ kò jẹ́, mo wá tẹrí ba lórí ìdúró bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ kú ọ̀nà, bàbá. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ti ṣe é tán, mo ti ń rìn."

Ó na ọwọ́ kan kàn mí léjìká, ó fi ọwọ́ náà tẹ̀ mí bí wọ́n ṣe ń tẹ iṣu wò bóyá ó ti rà. Ó ní, "O gbóná."

Mo ní, "Ènìyàn ló pọ̀ nínú yàrá, bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì, tó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ni, wọ́n ní kí wọ́n fún un lómi. Mo rí òógùn tó ń ṣàn lójú rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tútù ìrọ̀lẹ́. Mo rí i tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó bì. Mo tẹ̀ sílẹ̀ dé ibi tí ara mi lè dé, mo bi í létí pé ṣé ìpá náà wọlé. Ó mi orí. Ó ní láti ojú ọ̀nà ni ó ti le bí òkúta.

Mo dìde, mo ní, "Ẹ gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Kíá."

Kò sẹ́ni tó mira. Alàgbà wo ìyàwó mi pẹ̀lú àánú. Ìyá Ṣakí ní, "Ẹ ò gbọ́, ó ti ń sọ ìsọkúsọ." Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá tèmi, wọ́n ti pa á tán láàárọ̀. Gbogbo ilé yí mi ká, wọ́n ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ dá, ẹni tó ń kú lọ wà lẹ́sẹ̀ ògiri, wọ́n ń bù ú lómi. Mo pariwo. Ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì sọ̀rọ̀ ni mo lò, ojú abẹ sì fà mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní kí igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ ṣáná sí mọ́tò rẹ̀. Ọkùnrin náà sáré. Ohùn tíṣà ló gbọ́, kì í ṣe ohùn òkú.

Mo fẹsẹ̀ ara mi jáde, mo bá wọn wọ mọ́tò. Ìyá Ṣakí tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lórí, ó ń ní, "Ẹni tí wọ́n ní ká gbé wálé ló tún ń gbé ẹlòmíràn lọ." Òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan náà ló wà níbẹ̀, ó ti fẹ́ máa lọ sílé. Ó rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí pé ta ló ní kí n jáde, títí tó fi rí ẹni tí mo fà lọ́wọ́. Wọn kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú tán kí wọ́n tó gbé bàbá mi wọlé. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní a dúró de ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ á ti di òmíràn.

Bàbá mi kò wọlé láàárọ̀ jáde nírọ̀lẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀, nítorí ìfun rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́. Bí mo bá wọlé, á wò mí, á ní, "Tíṣà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ wo lo wí?" Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kó dìde rìn, kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ṣakí di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní kò gbọdọ̀ dìde. Bàbá mi ní, "Tú mi sílẹ̀. Ẹni tó bá lè rìn, wọn kì í gbé e." Ó di ògiri mú, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Àwọn aláìsàn mìíràn ń wò ó, ẹnìkan nínú wọn náà sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fi í sílẹ̀, nọ́ọ̀sì wá bá wa, ó la ẹnu, ó ní, "Ẹ lè máa gb..." Ó rí ojú wa. Ó pa ẹnu dé. Bàbá mi gbójú sókè láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ọmọ mi," ó ní, "gbígbé ni àbí lílọ?"

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ sílẹ̀. "Lílọ ni, bàbá. Ẹsẹ̀ ara yín lẹ ó fi lọ."

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti sọ gbólóhùn yẹn mọ́ fún ẹni tó ń yá ní wọ́ọ̀dù náà. Bí iṣẹ́ abẹ bá tán, wọ́n á lọ bá àwọn ará ilé, wọ́n á ní, "Ẹni yín ń fẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílé o." Mo gbọ́ pé ẹkún dínkù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn èèyàn wá láti Ilua àti àwọn ìlú mìíràn, wọ́n ń wọlé láàárọ̀, wọ́n ń jáde nírọ̀lẹ́. Ní ilé wa, ọ̀rọ̀ náà di àpárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń lọ, bàbá mi á ní, "Gbígbé ni àbí lílọ?" Èmi ni mo wá ní láti máa kọ́ Ìyá Ṣakí. Ọdún dé ọdún ni mò ń sọ fún un pé ẹni tó ń rìn ti ń yá nìyẹn, kì í ṣe ìdágbére, kó má tún sunkún ẹni tó wà lórí ìdúró mọ́. Á ní òun ti gbọ́. Mo sì mọ̀ pé kò gbọ́.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, àìsàn mìíràn mú bàbá mi, èyí tí kò sí ọ̀bẹ fún. Ó ti darúgbó púpọ̀. Ilé ìwòsàn kan náà la gbé e lọ. Dókítà mìíràn ló wà níbẹ̀ báyìí, nọ́ọ̀sì wa sì ti di ọ̀gá. Wọ́n pe èmi nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ gbólóhùn náà bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ látijọ́. Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀.

Mo wọlé lọ bá bàbá mi. Ojú rẹ̀ là. Ó wo ojú mi.

"Tíṣà. Gbígbé ni àbí lílọ?"

Mo ní, "Lílọ ni, bàbá."

Ó ní, "O ò mọ irọ́ pa." Ó na ọwọ́ sí mi. "Fà mí dìde."

Nọ́ọ̀sì di apá rẹ̀ kan mú, mo di ìkejì mú, a rìn. Ó ń sinmi, a tún ń rìn. Ìyá Ṣakí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó jókòó sí lọ́jọ́ kìíní. Ó rí i tó ń fẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó dìde, ó yọ fóònù, ó pe Àgọ́-Àrẹ, ó ní, "Ẹ yọ̀ o. Wọn ò ní ká gbé e. Ó ń rìn. Lílọ ni."

Bàbá mi wò mí, mo wò ó. Kò sẹ́ni tó sọ òótọ́ fún Ìyá Ṣakí. Bàbá mi dé ilé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó rí àwọn èèyàn rẹ̀, èyí tí àbúrò rẹ̀ kò rí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi lọ.

Mo ṣì máa ń gba iwájú ilé ìwòsàn náà kọjá. Mo máa ń rí àwọn tó ń jáde nírọ̀lẹ́, tí wọ́n fi ọwọ́ di abẹ́ ikùn mú, tí ará ilé wọn ń pariwo pé kí wọ́n rọra, tí wọ́n ń fẹ́ gbé wọn. Inú máa ń bí mi, bó ṣe máa ń bí mi látijọ́. Màá fẹ́ dúró kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ẹni wọn sílẹ̀, kó rìn. Lẹ́yìn náà màá rántí Ìyá Ṣakí tó fi fóònù sí etí, tí ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ yìí wá wọ̀ ọ́ lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí kò yẹ kó wọ̀ ọ́, màá sì bá tèmi lọ.